Ta Ló Dúró fún Ọ? Ṣé O Mọ̀ Bí Àjèjì Ṣe Ń Rí Ilé Gbà ní Jàpáànù?

Ṣé o mọ̀ pé ilé tó ṣófo ní Jàpáànù tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án? Ìjọba wọn ló kà á ní 2023. Ìdá 13.8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilé orílẹ̀-èdè náà ni kò sẹ́ni tó ń gbénú rẹ̀, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin nínú wọn tó jẹ́ ilé tí onílé ń wá ayálégbé sí. Síbẹ̀ àjèjì tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó lówó ní báǹkì, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé pérépéré, lè ti ọ́fíìsì àjẹ́ńtì kan bọ́ sí òmíràn títí bàtà rẹ̀ á fi jẹ, kó má rí yàrá kan ṣoṣo.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba náà bi àwọn àjèjì léèrè fúnra rẹ̀? Ní ìparí 2016, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin ní kí wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àjèjì 18,500 tó ń gbé ibẹ̀. Èèyàn 4,252 dáhùn. Nínú àwọn tó ti wá ilé láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú, ìdá 39.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní wọ́n ti kọ àwọn rí torí pé àjèjì ni àwọn. Ìdá 41.2 ní wọ́n kọ àwọn torí pé àwọn kò rí ọmọ Jàpáànù tí yóò ṣe onídùúró fún àwọn. Ìdá 26.8 rí ìpolówó tó sọ pé wọn kì í gba àjèjì, wọ́n sì yáa bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Jọ̀wọ́, tọ́jú nọ́ńbà àárín yẹn, 41.2. A ó padà wá bá a.

Ṣé o mọ̀ bí "rárá" ṣe ń dún lẹ́nu àjẹ́ńtì níbẹ̀? Kò ní jágbe mọ́ ọ. Á fún ọ ní tíì, á jókòó síwájú rẹ, á gbé fóònù, á pe onílé tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń bá onílé mójú tó ilé. Wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀: gaikokujin. Àjèjì nìyẹn. Kò tíì dárúkọ rẹ, kò tíì sọ iye tó ń wọlé fún ọ, àjèjì lo kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ, pé o gbọ́ èdè wọn, pé ibi gidi lo ti ń ṣiṣẹ́, á sì máa tẹrí ba fún ẹni tí kò rí i lórí fóònù. Á wá gbé fóònù kalẹ̀, á fa atẹ́gùn gba àárín eyín, á ní muzukashii, "ó le díẹ̀." Má bi í pé báwo ló ṣe le tó. Ó ti tán nìyẹn.

Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ ọ́ síta kí o má baà fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Gaikokujin fuka, a kì í gba àjèjì. Gaikokujin sodan, ẹ wá ká jọ sọ ọ́. Ní tèmi, ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ ṣe ọ́ lóore ju ẹni tó jẹ́ kí o kọ fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́rin kó tó sọ fún ọ pé ó le díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kan ti fi irú ọ̀rọ̀ orí fóònù yìí ṣe ewì? Wọlé Ṣóyínká ni. Nínú Telephone Conversation, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń wá yàrá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílé tó jẹ́ obìnrin sì ń bi í lórí fóònù bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dúdú tó. Ó ti pẹ́ tí ewì yẹn ti jáde. Wá wo ohun tó dé iwájú ilé ẹjọ́ agbègbè Saitama, nítòsí Tokyo, ní 2003. Ọmọ Íńdíà kan pe ilé-iṣẹ́ tó ń báni wá ilé, òṣìṣẹ́ wọn sì bi í lórí fóònù bóyá àwọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ "àwọ̀ tó wọ́pọ̀," ìyẹn àwọ̀ bíi ti ọmọ Jàpáànù. Adájọ́ ní kí ilé-iṣẹ́ náà san owó gbà-má-bínú fún un.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní 1968 tó ka kíkọ èèyàn nídìí ọ̀rọ̀ ilé torí àwọ̀ rẹ̀ sí ohun tí kò bófin mu. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní London ṣáájú ìgbà náà mọ káàdì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé, tó sọ pé àwọn kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Jàpáànù fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní 1995, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn náà sì sọ ní abala 14 pé ọgbọọgba ni gbogbo èèyàn níwájú òfin. Àmọ́ kò sí òfin kan pàtó tó dì mọ́ onílé lọ́rùn pé kò gbọ́dọ̀ kọ àjèjì. Ẹni tí wọ́n bá kọ, tí ara bá ta, àfi kó gbé ẹjọ́ lọ fúnra rẹ̀, kó san owó lọ́yà, kó máa dúró.

Àwọn kan dúró. Ilé ẹjọ́ agbègbè Osaka dá ọmọ Kòríà kan láre ní 1993. Èyí tó lókìkí ni ti Kyoto ní 2007. Obìnrin ọmọ Kòríà kan ti rí ilé, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, onílé wá rí i nínú ìwé rẹ̀ pé kì í ṣe ọmọ Jàpáànù, ó sì yí ohùn padà. Adájọ́ ní kí onílé san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún yen. Ó dùn mọ́ni, àbí? Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn máa sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ ọ́, adájọ́ kò lè fún un.

Ṣé o mọ̀ pé Jàpáànù ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ Kòríà tó ń gbé ibẹ̀? Bàbá wọn àgbà ló wá, èdè Jàpáànù ni wọ́n fi ń lá àlá. Nítorí náà, onílé tó bá ní èdè ló ń ba òun lẹ́rù kò tíì sọ tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí 41.2.

Ṣé o mọ̀ pé owó rẹ kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bí kò ṣe ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ? Onídùúró ni wọ́n ń pè ní hoshonin, èyí tó sì le jù ni rentai hoshonin. Hoshonin lásán lè sọ fún olówó pé, "Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó jẹ yín ní gbèsè." Rentai hoshonin kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Lójú òfin, bí ayálégbé ṣe jẹ gbèsè ni òun náà ṣe jẹ ẹ́. Owó ilé tí o kò san, ògiri tí o bà jẹ́, onílé lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ tààrà. Ọmọ Jàpáànù tó bá fẹ́ háyà ilé á pe bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwọ tí o bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Narita lóṣù tó kọjá, ta lo fẹ́ pè? Ọ̀gá ibi iṣẹ́? Olùkọ́? Ẹrù tó wúwo nìyẹn lọ́rùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ rẹ.

Kí 2020 tó dé, onídùúró kì í tilẹ̀ mọ ibi tí gbèsè lè dé dúró. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2020, ní dandan ni kí wọ́n kọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sínú ìwé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdúró náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn bá rí iye yẹn lórí ìwé, tó rí i pé ó lè tó owó ilé ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ tó fẹ́ fi fọwọ́ sí i á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àwọn tó ń fi ìdúró ṣòwò ló wá gba ààyè náà. Hosho gaisha ni wọ́n ń pè wọ́n, ilé-iṣẹ́ onídùúró. Wọ́n á gba nǹkan bí ìdajì owó ilé oṣù kan lọ́wọ́ rẹ, nígbà mìíràn odindi oṣù kan, wọ́n á tún máa gba díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n á sì dúró fún ọ níwájú onílé. Ìwọ lò ń san án, onílé ló ń dáàbò bò. Ẹnu wọn sì mú. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ayálégbé bá jẹ owó oṣù méjì, tí wọn kò gbúròó rẹ̀, tó sì dà bíi pé kò sí nílé mọ́, àwọn lè kó ẹrù rẹ̀ dànù kí àwọn sì gba ilé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e ní oṣù Kejìlá 2022.

O rò pé ó parí nígbà tí o sanwó fún wọn? Wọ́n á tún ní kí o mú nọ́ńbà ẹnì kan wá, ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, tó ń gbé Jàpáànù, tó sì gbọ́ èdè. Ẹni yẹn kò ní san kọ́bọ̀. Kó kàn wà ni. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há.

Ṣé o mọ ìdí tí onílé fi ń bẹ̀rù tó báyìí? Àwọn kan kórìíra àjèjì, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Láti 1941, ní àkókò ogun, òfin Jàpáànù ti sọ pé onílé kò lè lé ayálégbé jáde tàbí kó kọ̀ láti tún àdéhùn rẹ̀ ṣe àfi tó bá ní ìdí pàtàkì tí adájọ́ lè gbà. Pé àdéhùn ọdún méjì ti pé kì í ṣe ìdí. Pé onílé fẹ́ fi owó kún un kì í ṣe ìdí. Ẹni tó bá ti wọlé, tó ń san owó rẹ̀ déédéé, ó ti wọlé nìyẹn. Nítorí pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò ṣeé lé èèyàn jáde, iwájú ilẹ̀kùn ni gbogbo àyẹ̀wò wà. Òfin tó ń gba ayálégbé sílẹ̀ ló sọ onílé di ẹni tó ń fojú ṣọ́ àlejò láti òkèèrè. Láti 2000 ni wọ́n ti ní irú àdéhùn mìíràn tó ń parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá, tí kò sí ìtúnṣe, òun ni àwọn onílé kan sì máa ń gbé síwájú àjèjì.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rù wọn kò ju mélòó kan lọ: kí o má lọ kó èèyàn mẹ́fà kún yàrá ẹnì kan, kí o má da ìdọ̀tí síta lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, kí o má gbọ́ orin lóru, kí o má jí lọ́jọ́ kan kí o wọ ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú gbèsè oṣù mẹ́ta lọ́rùn. Bí ìwé ìgbélùú rẹ bá ku ọdún kan, tí àdéhùn ilé sì jẹ́ ọdún méjì, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọ̀pọ̀ onílé ti dàgbà, ilé kékeré kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Wọn kì í sì í fẹ́ gba arúgbó ẹlẹgbẹ́ wọn pàápàá, torí ìbẹ̀rù kó má lọ dá nìkan kú sínú yàrá. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2007, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, kó arúgbó, aláàbọ̀ ara, akúṣẹ̀ẹ́ àti àjèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan: àwọn tó ń ṣòro fún láti rí ilé. Àjèjì ẹni ọdún 28 àti màmá àgbà Jàpáànù ẹni ọdún 80 wà lórí ìlà kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń gba owó ọpẹ́? Reikin lorúkọ rẹ̀, rei jẹ́ ọpẹ́, kin jẹ́ owó. O dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé pé ó gbà ọ́, kò sì ní dá a padà láéláé. Ẹni tó ti san àgírímẹ́ǹtì àti kọ̀míṣọ́ọ̀nù rí ní Èkó á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó dúró gbọ́ ìṣirò. Ká ní owó ilé jẹ́ 80,000 yen lóṣù. Owó ìdógò tí wọ́n ń pè ní shikikin, 80,000. Reikin, 80,000. Àjẹ́ńtì, 88,000 pẹ̀lú owó orí. Ilé-iṣẹ́ onídùúró, 40,000. Owó ìbánigbófò lórí iná, bíi 20,000. Pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, bíi 20,000. Owó oṣù àkọ́kọ́, 80,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 408,000 yen, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún owó ilé, o kò sì tíì ra ìkòkò.

Lórí ti àjẹ́ńtì yẹn, ṣé o mọ̀ pé ìdajì oṣù ni ìlànà sọ pé kí ó gbà lọ́wọ́ rẹ, àyàfi bí o bá ti gbà tẹ́lẹ̀ láti san ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ayálégbé kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Tokyo, ó sì gba owó tó san lé e padà. Ilé ẹjọ́ gíga fìdí ìdájọ́ náà múlẹ̀ ní 2020. Àwọn tó mọ̀ kò pọ̀.

Ṣé o mọ òbìrípo tó ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóró? Kí o tó gba ilé, mú nọ́ńbà fóònù ìlú yìí wá. Kí o tó gba fóònù, mú àdírẹ́sì àti báǹkì wá. Kí o tó ṣí báǹkì, mú àdírẹ́sì àti fóònù wá. Òfin sì ní kí o lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 tí o bá ti fìdí kalẹ̀. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé àjọgbé, tàbí ilé olóṣooṣù tó wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ ṣùgbọ́n tí kì í béèrè onídùúró.

Ṣé o mọ̀ pé manshon kì í ṣe ààfin? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "mansion" ni wọ́n mú, àmọ́ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni fúláàtì nínú ilé oníkọnkéré. Apato ni ti onípákó, alájà méjì lọ́pọ̀ ìgbà, tí o ti ń gbọ́ bí ará kejì ṣe ń sín. Iye ẹní tatami tó lè gba inú yàrá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n; yàrá ẹní mẹ́fà kò ju bíi mítà mẹ́wàá níbùú lóròó lọ. Bí o bá sì wọlé lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, òkùnkùn ni: kò sí gílóòbù, kò sí sítóòfù. Gáàsì kò ní jó títí òṣìṣẹ́ fi máa wá ṣí i níṣojú rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan wà tí kì í béèrè onídùúró? UR ni wọ́n ń pè é, àjọ ìjọba tó ní bíi ilé 700,000. Kò sí owó ọpẹ́, kò sí àjẹ́ńtì, kò sí owó ìtúnṣe àdéhùn. Àjèjì tó ní ìwé ìgbélùú ọlọ́jọ́ gbọọrọ lè gbà á. Ohun tí wọ́n ń wò ni owó: kí oṣù rẹ tó ìlọ́po mẹ́rin owó ilé bí ilé náà kò bá wọ́n púpọ̀, tàbí kí owó tí o fi pamọ́ tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan lára irú ilé bẹ́ẹ̀ fi di ìlú àjèjì. Ní Shibazono, ní ìlú Kawaguchi, ó ju ìdajì àwọn olùgbé tó jẹ́ àjèjì, ọmọ Ṣáínà ló sì pọ̀ jù. Ní Homi, ní ìlú Toyota, àwọn ará Brazil ló kún ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn ará Jàpáànù tó ti ṣí lọ sí Brazil, àtúnṣe òfin 1990 ló ṣí ọ̀nà fún wọn láti padà. Wọ́n padà sí ìlú bàbá bàbá wọn, onílé sì ní àjèjì ni wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé rírà rọrùn ju háyà lọ, bí owó bá wà lọ́wọ́? Òfin kò ní kí ẹni tó fẹ́ ra ilé tàbí ilẹ̀ gbígbé jẹ́ ọmọ Jàpáànù, kò tilẹ̀ ní kí ó máa gbé ibẹ̀. Ẹni tí wọn kò fún ní yàrá ẹní mẹ́fà lè ra odindi ilé lábẹ́ òfin, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ṣé o mọ̀ pé oòrùn tó pa ògiri láwọ̀ dà kì í ṣe gbèsè rẹ? Ìlànà ìjọba sọ pé ohun tó gbó fúnra rẹ̀, ti onílé ni. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, iye rẹ̀ ti di yen kan. Ṣùgbọ́n epo tó gbá mọ́ ògiri ìdáná tí o kò nù, tìrẹ ni. Ẹni tó bá fẹ́ din ata ọbẹ̀ nínú yàrá ẹní mẹ́fà, kó ṣí fèrèsé, kó sì máa nu ògiri ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ìkòkò kalẹ̀.

Bí o bá ti kó dé, ra aṣọ ìnura kékeré tàbí bisikíìtì, kan ilẹ̀kùn ẹni tó wà lọ́tùn-ún àti lósì, sọ orúkọ rẹ, kí o sì tẹrí ba. Àwọn ọ̀dọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́. Àgbàlagbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ kò ní gbàgbé láé pé o ṣe é, òun gan-an lè di ẹni tó máa sọ fún ọ pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìgò.

Ṣé o wá mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọdún méjì bá pé? Lẹ́tà kan á wọlé. Ní agbègbè Tokyo, wọ́n sábà máa ń gba owó ìtúnṣe àdéhùn, iye owó ilé oṣù kan, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ní 2011 pé kò sóhun tó burú níbẹ̀ bí kò bá ti pọ̀ jù. O ti ń sanwó láì fi ọjọ́ kan pẹ́ rí. O ti mọ ọjọ́ ìgò àti ọjọ́ páálí. O máa fọwọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́, wàá ṣí ìkejì, wàá sì rí àpótí kékeré tó ṣófo náà nísàlẹ̀: orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí a lè pè.